Ìtàn Ehoro Ilé: Àlejò Tó Jogún Orúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹranko kékeré elétí gígùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń sìn lónìí dé ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò wo ilé tó ti wá kí wọ́n tó pè é ní ehoro. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ehoro ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ìtàn yìí, nítorí pé ẹni tó bá ń tọ́jú ẹranko kan bí ẹni ń tọ́jú òmíràn kò ní pẹ́ pàdánù rẹ̀.

Ehoro tí àwọn baba wa mọ̀, tí àwọn ọdẹ ń dẹ nínú ọ̀dàn, jẹ́ ẹranko ilẹ̀ wa. Kì í gbẹ́ ihò. Inú koríko ni ó máa ń ba sí. Bí ó bá bímọ, ọmọ náà ti hu irun, ojú rẹ̀ ti là, kò sì pẹ́ tí yóò fi lè sáré. Ehoro ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Sípéènì àti Potogí ni orísun rẹ̀, inú ihò ni ó sì ń gbé níbẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni ó fi ń lóyún. Ìhòòhò ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wáyé, ojú wọn kì í sì í là títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 37 ṣáájú ìbí Kristi, Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù, kọ̀wé nípa ọgbà tí wọ́n ti ń sin ehoro, ó sì ka èyí tó ti Sípéènì wá mọ́ wọn bí oríṣìí kan lára wọn. Àṣìmọ̀ orúkọ tún wọ inú ìtàn náà lọ́nà mìíràn. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìwé ń sọ pé ní nǹkan bí ọdún 600, Póòpù Gregory Kìíní fàyè gba jíjẹ ọmọ ehoro nígbà ààwẹ̀, pé láti ìgbà náà ni àwọn mọ́ńkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín. Ní ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé irọ́ ni. Gregory mìíràn, ti ìlú Tours, ló kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó jẹ ọmọ ehoro nígbà ààwẹ̀; kò sọ pé Póòpù fàyè gbà á.

Àwọn Òyìnbó ló mú ehoro ilé wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n oúnjẹ ló jẹ́ kí àwọn ìjọba náání irú ẹran ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1968 sí 1974, ọ̀dá pa màlúù rẹpẹtẹ ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ọdún 1972, ìjọba Ọ̀gágun Acheampong ní Gánà rọ àwọn ará ìlú láti máa bọ́ ara wọn. Láàárín àwọn ọdún náà ni Newlove Mamattah darí iṣẹ́ ehoro ti ìjọba ní Kwabenya, nítòsí Accra. Ní ọdún 1976, Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ dá ètò OFN sílẹ̀ ní Nàìjíríà, a sì ń rọ onílé àti akẹ́kọ̀ọ́ láti dáko kí wọ́n sì sin ẹran.

Síbẹ̀ orúkọ náà ń lọ́ pọ̀ sí i. Ní gúúsù Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ehoro ilé pe òkété. Bí ará Edjeba ní ìlú Warri bá béèrè ẹranko náà lọ́jà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n na òkété sí i. Òkété a máa jẹ ẹyìn àti ẹ̀gẹ́. Koríko àti ewé ni ehoro ilé ń fẹ́, irú bíi yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún, pẹ̀lú omi mímọ́. Nínú òjò púpọ̀ àti ilẹ̀ rírọ̀ àgbègbè Warri, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ó sì wà lábẹ́ ìbòòji, nítorí ooru a máa pa á. Bí ìbímọ bá kù díẹ̀, kí a gbé àpótí tí a fi koríko gbígbẹ tẹ́ sí i. Ìyá yóò fa irun àyà rẹ̀ tu láti fi bo àwọn ọmọ. Ẹni tó rò pé ọmọ ehoro ilé yóò dìde sáré bíi ti igbó yóò bá òkú wọn lórí wáyà.

Àrùn pàápàá kò dúró de ẹni tí kò mọ̀. Ní ọdún 1984, àrùn kan tó ń mú kí ehoro ṣẹ̀jẹ̀ sínú bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà. Ó dé Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1995. Michel Kpodékon àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kojú rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2020, a rí i ní ìpínlẹ̀ Kwara.

Orúkọ ọmọ a máa ro ọmọ. Kò pọn dandan kí a gba orúkọ ehoro lọ́wọ́ àlejò yìí. Ó ti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni láti máa sọ ọ́ ní kíláàsì pé ehoro ilé yàtọ̀, ehoro igbó yàtọ̀, òkété sì yàtọ̀. Ọmọdé tó bá mọ ìyàtọ̀ náà yóò mọ ohun tí yóò fún ẹran rẹ̀ jẹ àti ibi tí yóò tẹ́ ẹ sí.