Ìrora Ọlọ́jọ́-pípẹ́ lẹ́yìn Iṣẹ́-abẹ Àyà: Àkíyèsí kan lórí Ìtàn Ìṣègùn ní Àríwá Èkìtì

Bí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́-abẹ ní ilẹ̀ yìí, ọdún tí ilé-ìwòsàn ṣílẹ̀kùn ni a sábà máa ń kà. A ó ní UCH bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957. A ó ní wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ ọkàn ní Enugu ní 1974. A kì í sábà bèèrè bí ara aláìsàn ti rí lẹ́yìn tí ó délé. Ìbéèrè yìí ni bébà wa dá lé.

Ní 1944, Blades àti Dugan, àwọn oníṣẹ́-abẹ ológun Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ-ogun kan tí a la àyà wọn nítorí ọgbẹ́ ogun ṣì ń jẹ̀rora láàrin egungun ìhà. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan gba abẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí a bá fi irin ya ìhà kí ọwọ́ lè dé ẹ̀dọ̀fóró, iṣan yìí lè fún tàbí kí ó já. Awọ á jinná, ṣùgbọ́n ibẹ̀ á máa jó, á máa ta. Aṣọ tí ó bá kàn án lásán á máa dunni.

Láàrin 1957 sí 1970, Ìbàdàn ni ilé-ìwòsàn yunifásítì tí ó sún mọ́ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó jùlọ. Dókítà wà lọ́nà jíjìn, ìrora sì wà nílé. Ebè kíkọ àti iyán gígún, apá àti ìhà ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná tí kò lè gbé ọmọ odó, kò sí ohun tí yóò fi han ará ilé pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní 1998, ilé-ìwòsàn Ìdó di ti Ìjọba Àpapọ̀. Ní 2014, ó di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni. Ọ̀nà kúrú sí i. Ní 2022, ìwé tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to orúkọ àrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fún ìrora tí ó bá lé ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ ní orúkọ tirẹ̀. Ọdún 78 ti kọjá láti 1944.

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Èrò wa ni pé òpìtàn tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìṣègùn Èkìtì kò gbọdọ̀ dúró lórí ilé àti ọdún nìkan. Kí ó bi ẹni tí abẹ kàn léèrè.