Iskandariyyah: Òkúta Wó, Ìmọ̀ Kò Wó

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islam, bí Ọlọ́hun bá mú yín dé Iskandariyyah, ìlú èbúté Íjíbítì tí òyìnbó ń pè ní Alexandria, ẹ kọ́kọ́ lọ wo odi Sultan Qaitbay létí òkun. Ibẹ̀ ni ilé gogoro tí wọ́n fi ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi wà tẹ́lẹ̀ rí. Ní 1326, Ibn Battuta bá a tí apá kan rẹ̀ ti wó. Nígbà tí ó padà débẹ̀ ní 1349, kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó o. Ní 1477, Qaitbay bẹ̀rẹ̀ odi rẹ̀ sí ojúkò náà.

Láti ibẹ̀, ẹ yà sí mọ́ṣáláṣí Abu al-Abbas al-Mursi, ààfáà ọmọ Andalus tó kú sí ìlú yìí. Ọmọ ilé kéwú rẹ̀, al-Busiri, ló kọ Burdah tí a ṣì ń kà lọ́dọ̀ wa títí dòní.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wò ó dáadáa: ilé gogoro lọ, Burdah kò lọ. Ẹ má fi owó ilé kíkọ́ dí ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Àmín.