Ilé Iná Mẹ́rin Orí Àpáta Eddystone

Nínú òkun tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí máìlì 14 sí ìlú Plymouth, ni àpáta kan wà tí à ń pè ní Eddystone. Bí òkun bá fà, orí rẹ̀ a yọ díẹ̀. Bí òkun bá kún, omi a fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Fífarapamọ́ yìí ni àwọn atukọ̀ ń bẹ̀rù. Ọkọ̀ tí ó ti la agbami já, tí àwọn inú rẹ̀ ti ń retí ilé, a wá fọ́ sí ẹnu ọ̀nà èbúté. Láti ọdún 1696 ni a ti ń kọ́ ilé iná síbẹ̀ kí ọkọ̀ lè mọ̀ ọ́n yà fún, èyí tí ó sì wà níbẹ̀ lónìí ni ẹ̀kẹrin.

Henry Winstanley ni ó kọ́ èkínní. Kì í ṣe ọ̀mọ̀lé. Ayàwòrán ni, ó sì tún jẹ́ ọlọ́gbọ́n àrà tí ó ń fi omi ṣe eré ìyanu fún àwọn ará Lọ́ńdọ́nù. Ọkọ̀ rẹ̀ méjì ni ó fọ́ sórí àpáta náà kí ó tó pinnu pé òun yóò fi iná síbẹ̀. Ní 1697, bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Faransé, tí ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun nígbà náà, mú un ní ìgbèkùn lọ. Nígbà tí Ọba Louis Kẹrìnlá gbọ́, ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń bá jà, kì í ṣe gbogbo ọmọ aráyé. Ìwà ọba náà yẹ ní yíyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn atukọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ilé Winstanley kún fún igun àti ọ̀ṣọ́, ó jọ ààfin ju ilé iná lọ. Àwọn ènìyàn ń kọminú sí i, ṣùgbọ́n òun a máa sọ pé ó wu òun kí òun wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjì tí ó le jù lọ bá jà. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tí ó ń fẹ́. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ọdún 1703, ó wà níbẹ̀ tí ó ń ṣe àtúnṣe, nígbà tí ìjì kan tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ilé, kò sí Winstanley. Irin díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù lára àpáta. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ Winchelsea, tí ó ru tábà bọ̀ láti Virginia, fọ́ sí ibẹ̀ kan náà.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. John Rudyerd, oníṣòwò aṣọ ṣẹ́dà, tí ó kọ́ èkejì, kò ṣe ọ̀ṣọ́ kankan. Ó mú ilé náà rí róbótó, ó sì mú ara rẹ̀ dán kí ìgbì má baà rí ibi dì mú. Igi ni ó fi bò ó, gẹ́gẹ́ bí àwọn akànkọ̀ ti ń ṣe. Ilé yìí parí ní 1709, omi kò sì rí i gbé ṣe. Iná tirẹ̀ gan-an ni ó jó o ní oṣù kejìlá 1755. Henry Hall, olùtọ́jú iná tí wọ́n ní ó ti di ẹni ọdún 94, ń da omi sókè nígbà tí òjé òrùlé yọ́ lé e lórí. Wọ́n gbà á là, ṣùgbọ́n bàbá náà tẹnu mọ́ ọn pé òjé gbígbóná ti wọ inú òun. Wọn kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 12 ó kú. Oníṣègùn la inú rẹ̀, ó sì bá òjé tí ó tó gíráàmù 200 níbẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Edinburgh ni òjé náà wà di òní.

John Smeaton ni ó fi òkúta kọ́ ẹ̀kẹta, láti 1756 sí 1759. Ó wo igi óákù, bí ìdí rẹ̀ ti fẹ̀ tí ara rẹ̀ sì ń tín-ín-rín lọ sókè (ẹni tí ó bá ti dúró nídìí ìrókò yóò mọ ohun tí ó rí), ó sì mú ìdí ilé náà fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ àwọn òkúta náà kí wọ́n lè há mọ́ ara wọn, àti mọ́ àpáta fúnra rẹ̀, bí agbẹ́nàgbẹ́nà ti ń so pákó pọ̀ láìlo ìṣó. Ohun tí ó kù ni èyí tí yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, nítorí ẹfun lásán kì í gan nínú omi. Smeaton sun oríṣiríṣi òkúta ẹfun, ó dán wọn wò, ó sì rí i pé èyí tí amọ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó ń le lábẹ́ omi. Láti orí ìmọ̀ yìí ni àwọn mìíràn ti tẹ̀síwájú dé orí sìmẹ́ńtì òde òní, tó bẹ́ẹ̀ tí bíríkìlà tí ń po sìmẹ́ńtì ní Ìbàdàn lónìí fi jẹ àpáta yìí ní gbèsè díẹ̀. Ṣùgbọ́n àbẹ́là 24 péré ni ó ń tàn nínú ilé ńlá náà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé Smeaton kò wó, kò sì jó. Àpáta abẹ́ rẹ̀ ni omi jẹ. Bí ìgbì ńlá bá lù ú, gbogbo ilé a mì. Nítorí náà James Douglass kọ́ ẹ̀kẹrin sórí àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó ga tó mítà 49, wọ́n sì tan iná rẹ̀ ní 1882. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí ilé àtijọ́ náà parun. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n tú u ní òkúta ní òkúta, wọ́n sì tún un tò sí etí òkun ní Plymouth, níbi tí àwọn àlejò ti ń gun orí rẹ̀. Ní 1982 ni àwọn olùtọ́jú kúrò nínú ilé Douglass, tí ẹ̀rọ sì gba iṣẹ́ wọn. Iná rẹ̀ ń kọ mànà lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ilé Smeaton tí wọn kò kó, tí ó ṣì dúró lórí àpáta tí wọ́n sọ pé kò lè gbé e mọ́.