Ẹlégbè ni Aṣẹ̀dá: Àríyànjiyàn lórí Àtinúdá Ojú-Ẹsẹ̀ nínú Bíripo

Margaret Drewal (1992) sọ pé àtinúdá ojú-ẹsẹ̀ ni ọkàn ètùtù àti eré Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì pa àwọn tó ń pe ètùtù ní ohun tí kì í yí padà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbádò ló ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀, ara tó ń jó ló sì tẹjú mọ́ jù. Ẹsẹ̀ oníjó kò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ní in. Bíripo àwa Ìkálẹ̀, irú èyí tí à ń ṣe ní Òde-Ìrèlè, ijó ni, orin sì ni. Ibẹ̀ ni tíọ́rì náà ti kọsẹ̀.

Kí a tó rí bí ó ṣe kọsẹ̀, ó yẹ kí a ya àfibọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àdásílẹ̀. Àfibọ̀ ni kí olórin ki orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo bọ àyè tí orin ti là sílẹ̀. Kò rọrùn bí a ti rò. Ohùn òkè méjì ni Kúnlé. Bí Òjó bá gba ipò rẹ̀, lílé gbọ́dọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún padà síbi tí ègbè yóò ti gbà á. Ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ègbè kò yí padà. Àdásílẹ̀ ni kí olórin mú orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí jáde. Nígbà náà, ègbè gan-an gbọ́dọ̀ di tuntun. Bí àwọn ẹlégbè kò bá gbà á, ó kú sójú agbo nìyẹn.

Àwọn kan yóò na Lord (1960) sí mi, pé apohùn nìkan lè ṣẹ̀dá orin lójú agbo. Apohùn Yugoslavia tó gbọ́ ń dá kọrin ni. Ta ló ń gbè é? Babalọlá (1966) ní tirẹ̀ fi hàn pé àwọn oníjàálá a máa já ara wọn nírọ́, ṣùgbọ́n alátakò kì í ṣe ẹlégbè.

 

Ó jọ pé olórin ń dábàá ni, ẹlégbè ló ń ṣẹ̀dá. N ó tilẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò sí orin agbo kankan nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ ti olórin nìkan. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kí ó mú un wá.