Ẹni Tí Ìbò Kò Gbè: Akẹ́kọ̀ọ́ Alábòójútó ní Ilé Ìgbé Akẹ́kọ̀ọ́, láti Ìbàdàn dé Òkè-Sopẹn

Ọdún 1982 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní 2001 ni ó di Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í gbé inú ọgbà. Wọ́n ń háyà yàrá lọ́wọ́ àwọn onílé nínú ìlú, àwọn mìíràn sì ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó múlé tì í, ní Òkè-Sopẹn, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrí tàbí Jáparà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Abraham Adesanya náà ń gbé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ Ègùn láti Ìpókíá, ọmọ Ìgbò, Mùsùlùmí, ọmọ Sẹ̀lẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ adití lè jọ máa lo kànga kan. Iṣẹ́ ta ni láti rí i pé a kò ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn níbẹ̀?

Ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá ni pé àwọn aṣojú tí akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yàn yóò bójú tó o. Yunifásítì Ìbàdàn ni a ti rí àpẹẹrẹ èyí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó ọmọ ẹ̀yà gbogbo pọ̀ sínú ilé kan níbẹ̀, ní Mellanby, ní Tedder, ní Kuti, ní Sultan Bello. Àwọn ilé wọ̀nyí ní alábòójútó àgbà láti inú àwọn olùkọ́, wọ́n ní pọ́tà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ní alága tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìbò yàn. Mi ò kẹ́gàn ètò yìí. Àmọ́ ẹni tí ìbò gbé wọlé kò lè ṣàìmọ ibi tí ìbò ti wá. Ẹni tí ó nílò ààbò jùlọ ni ẹni tí àwọn bíi tirẹ̀ kò pọ̀, ìbò irú wọn kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni dé ipò. Tí alága bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo lójú ogójì tí ó dìbò fún un, ó mọ ohun tí yóò ná òun ní sáà tí ń bọ̀.

Èrò rere nìkan kò sì tó. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, ìkórìíra ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì wà lára ohun tí ó kó wọn jọ. Nígbà tí ó yá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì di ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé iṣẹ́ ìṣọ̀kan tí kò sí ẹni tí ó ń jábọ̀ fún kò ní ìdákọ̀ró.

Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ni yunifásítì ń gbà síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó nínú ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń pè wọ́n ní RA: wọ́n máa ń kọ́ wọn níṣẹ́ kí sáà tó wọlé, wọ́n sì sábà máa ń fún wọn ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí owó díẹ̀. Ní 2002, àwọn RA Yunifásítì Massachusetts ní Amherst dìbò láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìyẹn fi hàn pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n kà á sí.

Ẹ wo yàrá ẹni mẹ́rin nígbà ààwẹ̀ Ramadan. Ẹnì kan fẹ́ tan iná jẹ sàárì kí ilẹ̀ tó mọ́, èkejì sì ní ìdánwò láàárọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí ó ń ṣe ìṣọ́ òru ni kò jẹ́ kí Mùsùlùmí sùn. Bí ìjà bá ti dé, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni yóò dà. Akẹ́kọ̀ọ́ alábòójútó tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti pe wọ́n jókòó láti ọ̀sẹ̀ kìíní, wọn yóò ti fẹnu kò lórí iná, lórí ariwo, lórí omi àlùwàlá. Akẹ́kọ̀ọ́ adití ńkọ́? Bí iná bá ń jó ilé tí wọ́n sì ń pariwo, ta ni yóò lọ mì í jí? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan pàtó, tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀.

Òfin kò ṣaláìsí. Abala 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 dènà ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, tàbí nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè sùn sí yàrá kejì.

Àwọn kan yóò sọ pé amí ni akẹ́kọ̀ọ́ alábòójútó yóò dà fún àwọn aláṣẹ. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ya iṣẹ́ yìí kúrò lára ti ẹ̀ṣọ́: kò gbọdọ̀ jábọ̀ lórí òṣèlú akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìwọ́de; ìjà, ìyàsọ́tọ̀ àti ewu nìkan ni kí ó máa jábọ̀ lé lórí. Ní ti owó, kí wọ́n dín owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù.

Nítorí náà, mo ké sí àwọn aláṣẹ Yunifásítì Olabisi Onabanjo àti Pólì Abraham Adesanya pé kí wọ́n pe àwọn onílé Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó jókòó, kí wọ́n forúkọ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé sílẹ̀, kí wọ́n sì fi akẹ́kọ̀ọ́ alábòójútó kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Sopẹn.