Àtẹ Tí Ìlà Rẹ̀ Kò Dọ́gba Nínú Ìwé Kọ̀ǹpútà

Àtẹ tí ìlà rẹ̀ kò dọ́gba ni àtẹ, tàbí tábìlì, tí a fi ètò ìkọ̀wé bí Microsoft Word, LibreOffice Writer, Google Docs tàbí WPS Office yà, ṣùgbọ́n tí ìlà kan nínú rẹ̀ ga ju èkejì lọ, tàbí tí àpótí inú ìlà kan kò tó iye tó wà nínú ìlà tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ìka kò dọ́gba, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ènìyàn ń kó sínú àtẹ kò sì lè dọ́gba. Nítorí náà àìdọ́gba kì í ṣe àbùkù, àfi bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ti wá, tí kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, orí tàíparáítà ni àwọn akọ̀wé ti ń to irú iṣẹ́ yìí. Wọn a dá ibi tí ẹ̀rọ yóò ti máa dúró, wọn a fi tab fò láti òpó kan dé òmíràn, nígbà tí wọ́n bá sì yọ ìwé kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, wọn a fi rúlà àti gègé fa ìlà yí i ká. Bí orúkọ ẹnìkan bá gùn ju ààyè rẹ̀ lọ, kò sí ọ̀nà àbáyọ bí kò ṣe kí wọ́n gé e kúrú tàbí kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Word jáde ní 1983, WordPerfect 5.1 sì dé ní 1989 pẹ̀lú àtẹ tòótọ́, tí àpótí rẹ̀ ń ga sí i bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ti ń pọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń gba ìnira náà ṣe, tó sì kù sọ́wọ́ akọ̀wé láti mọ ibi tí ìlà yẹ kó ga sí.

Ní Ìjàgbó àti agbègbè rẹ̀

Ní Ìjàgbó, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí kò sì jìnnà sí Ọ̀fà Ìyẹ̀rú Ọ̀kín níbi tí Federal Polytechnic ti wà láti 1992, iṣẹ́ àtẹ kì í ṣe àjèjì: akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ sí business centre, olùkọ́ ń to èsì ìdánwò, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ń ṣírò owó tí wọ́n dá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ gíráma wò. Ìlà márùn-ún ni ó wà fún ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, òpó mẹ́jọ fún àkókò ẹ̀kọ́, ìsinmi sì gba òpó kan láàárín wọn. Kẹ́mísírì tó gba àkókò méjì léra, nítorí pé àwọn ọmọ yóò wọ yàrá àyẹ̀wò, ni a ó da àpótí méjì pọ̀ fún ní ìbú. Ìsinmi tó jẹ́ ti gbogbo ọjọ́ ni a ó da àpótí márùn-ún pọ̀ fún ní òòró. Bí ó bá wá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń tètè jáde lọ́jọ́ Ẹtì nítorí ìrun Jímọ̀, ìlà ọjọ́ náà yóò kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tí iṣẹ́ kò tíì yé a lo Delete Cells láti pa àpótí tó ṣófo rẹ́, etí àtẹ a sì rí gánnakù-gànnakù. Ohun tó tọ́ ni kí ó dá àpótí wọ̀nyí sí, kí ó fi Merge Cells sọ wọ́n di ọ̀kan, kí ó sì kọ “ìrun Jímọ̀” sínú rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ààyè náà ní ìdí.

A lè ṣe bákan náà nínú ìwé owó ẹgbẹ́: ẹni tó san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ní ìṣòro tirẹ̀ tí a ó rí níwájú.

Ohun tó ń sọ ìlà di gíga

Àpótí tó ga jù lọ nínú ìlà ni ó ń pinnu gíga gbogbo ìlà náà. Bí òpó bá tóóró, ọ̀rọ̀ a wó lulẹ̀ sí ẹsẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta. Bí a bá tẹ Enter lásán nídìí ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ òfìfo a gbé ìlà sókè. Àwòrán àti ààyè tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ìpínrọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Word, ìwọ̀n gíga ní ọ̀nà méjì: At least ń fi ìwọ̀n tó kéré jù lélẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìlà ga bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, Exactly ń dè é mọ́lẹ̀ pinpin, ọ̀rọ̀ tó bá kọjá rẹ̀ a sì fara pamọ́. Nínú fáìlì docx tí Word ń fi pamọ́, ìpín 1440 ni ẹ̀rọ ń pín ínǹṣì kan gíga sí.

Èdè Yorùbá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Unicode ní ipò kan fún ọ, ìyẹn U+1ECD, ṣùgbọ́n kò sí ipò kan ṣoṣo fún ọ̀. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí fóńtì tí a ń lò kò bá mọ àmì náà, ètò ìkọ̀wé a yá a lára fóńtì mìíràn, bí èyí bá sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìlà tí orúkọ Ọ̀fà wà nínú rẹ̀ a ga ju èyí tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Exactly tún un ṣe lè gé orí àmì ohùn dànù, bẹ́ẹ̀ àmì ohùn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Fóńtì kan ṣoṣo tó ní gbogbo àmì wa, láti orí títí dé ìdí ìwé, ni oògùn rẹ̀.

Ọ̀nà àtúnṣe

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ fi gègé ya àtẹ sórí bébà, kí ó ka iye òpó tí ìlà tó kún jù nílò, kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà:

Kí ó fẹ òpó tó tóóró, kí ó sì pa Enter òfìfo rẹ́, kí ó tó fọwọ́ kan gíga ìlà.

Bí ó bá fẹ́ kí ìlà dọ́gba, kí ó yàn wọ́n, kí ó sì lo Distribute Rows. Nínú LibreOffice, Fit to size ń jẹ́ kí ìlà tẹ̀ lé ọ̀rọ̀.

Bí àtẹ bá kọjá ojú ìwé kan, kí ó lo Repeat Header Rows, kí ó sì mú àmì kúrò nínú Allow row to break across pages, kí orúkọ ẹnìkan má baà wà lójú ìwé kan, kí owó rẹ̀ wà lójú ìwé kejì.

Ìdàpọ̀ àpótí náà ní ìwọ̀n. Bí a bá ti da àpótí pọ̀ ní òòró, macro, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé fúnra rẹ̀, tó bá fẹ́ mú ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú Word yóò bá aṣìṣe 5991 pàdé, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sétí afọ́jú sì lè ṣi ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kà. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ọ̀kan ní tòótọ́ nìkan ni kí a ti da àpótí pọ̀. Ìwé tí wọn yóò máa ṣírò láti ọdún dé ọdún, bí ìwé owó ẹgbẹ́, ó sàn kí a tún orúkọ kọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan ju kí a dà wọ́n pọ̀ lọ, nítorí ẹni tó dáwó fún ìlú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí orúkọ ara rẹ̀ àti owó tó san lórí ìlà kan náà.