Ìtàn Ìdílé Nínú Ìwé Ogún Ilé-Ẹjọ́ Èkó

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, àwọn àgbà ẹbí ní í jókòó pín ogún, ẹnu ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Ìjọba tuntun dá ilé-ẹjọ́ gíga sílẹ̀ ní 1863, ó tún un tò ní 1876, ọ̀rọ̀ ogún sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé.

Àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ló kọ́kọ́ di ìlànà ìwé yìí mú. Wọ́n ti mọ ìwé ìhágún láti Freetown, ọ̀pọ̀ wọn sì ti gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin Ìgbéyàwó ti 1884 wá là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá gbéyàwó lábẹ́ òfin, tó kú láì kọ ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Cole àti Cole ní 1898, arákùnrin olóògbé ní òun ni àṣà yàn ní àrólé. Kóòtù ní rárá, ọmọ tí ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì bí ló ni ín.

Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kò kọ ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Ní tèmi, ìjà ogún pa ìtàn ìdílé mọ́ fún wa ju ìwé ìhágún lọ. Ẹni tó ń kọ ìwé ìhágún a máa dárúkọ ẹni tó wù ú. Ẹbí tó bá gbéra wọn lọ sí kóòtù, tìyàwó tọmọ ni wọ́n á kà sílẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní 1908, lórí ilé olóyè Mábinúorí, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí. Ẹjọ́ Dáńmọ́lé àti Dáwódù tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n pín in, ọ̀nà mẹ́rin bí iye ìyàwó, àbí orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án bí iye ọmọ? Adájọ́ àkọ́kọ́ fọwọ́ sí orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà sí ìdí-igi, ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Irú ẹjọ́ báyìí á fi ọmọ tí ìyá kọ̀ọ̀kan bí hàn ọ́, ohun tí a kì í rí lára òkúta ibojì.

Lónìí, rẹ́jísírà Probate, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwé ogún, ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó ni kí o kọ lẹ́tà sí. Kọ orúkọ olóògbé, ọdún tó kú àti àdúgbò tí ilé rẹ̀ wà. Má fi mọ sí orúkọ kan ṣoṣo: David Brown Vincent ló di Mọ́jọlá Àgbébí ní 1894, òun nìkan kọ́ ló sì pààrọ̀ orúkọ. Bí o kò bá mọ ọdún ikú, ìwé ìròyìn Èkó àtijọ́ wà ní National Archives ní Yunifásítì Ìbàdàn. San owó ìwákiri, kí o sì béèrè ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Abala 104 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má fi falẹ̀ o. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2020 ni wọ́n dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga Ìgbósẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ ìwé ló sì bá a lọ. Bí ẹ̀dà ìwé ogún kan bá wà nínú àpótí nílé yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹbí níbi gbogbo tí wọ́n wà.